Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Tí Mo Fi Dá Fàdìlàt Dúró

Irọ́ tí mo pa kò gùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni: ó kù díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí náà ti sọ ọ́ rí. Ẹni tó ta ẹ̀wà fún yín láàárọ̀ lè ti sọ ọ́ fún yín pé, "Ó kù díẹ̀ mà, ẹ fi nǹkan sí i." Kò pa yín lára. Èmi fi tèmi dí ọ̀nà ọmọ ọlọ́mọ, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni lásìkò tí mo ń sọ ọ́.

Mùjíbátù lorúkọ mi. Ìyá Mikail ni wọ́n ń pè mí ní Ìrókò. Alájàpá ni mí, mo máa ń wọ oko lọ ra ata àti pákí lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, màá wá kó o lọ sí Mọ́níyà. Prámárì fóò ni mo ti kúrò nílé ìwé. Mo lè kàwé o, àmọ́ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì ni mo ṣe ń kà á. Etí ni mo fi ń jẹun. Tí àgbẹ̀ bá ní "mi ò lè gbà jù báyìí lọ," màá gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí ó ṣì máa rọ̀.

Mikail ọmọ mi wà ní Kùtọ́nù. Ọdún Iléyá sí ọdún Iléyá ló ń pè mí. Bàbá rẹ̀ wà ní Olódò lọ́dọ̀ ìyàwó kékeré. Ilé tí mo ń gbé ní yàrá márùn-ún. Èmi nìkan ni mo ń ṣí ilẹ̀kùn gbogbo wọn láàárọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, èmi náà ni mo ń tì wọ́n.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń dúró ná ọjà tí mi ò fẹ́ rà. Búrọ́ọ̀ṣì, abọ́ ike, bàtà ọmọ ọdún méjì. Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ dá mi lóhùn ni.

Bí mo ṣe wà nìyẹn nígbà tí Fàdìlàt dé ẹnu ọ̀nà mi lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun Aláàsárì. Ó kúnlẹ̀, ó gbá ìwé kan mọ́ àyà.

Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ìyá Fàdì ni, obìnrin tó ń yan gàrí nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ pákí lẹ́yìn ilé wa. Bàbá wọn ti kú. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe wáẹ̀ẹ̀kì tán.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Tíṣà Hezekiah ló ní kí n wá ẹnì kan tí màá máa ka ìwé mi fún."

"Ṣé mo jọ tíṣà ni?"

"Rárá mà. Wọ́n ní kí n má wá tíṣà. Wọ́n ní kí n wá ẹni tí kò kàwé púpọ̀, tí ojú kì í tì láti sọ̀rọ̀. Ibi tó bá ti yán, kí n gé ibẹ̀ kúrò."

"Gbogbo Ìrókò yìí, èmi lo wá rí tí kò kàwé."

"Ẹ má bínú mà. Wọ́n ní ẹnu yín kì í dákẹ́ tí nǹkan ò bá dáa."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Àwọn ọmọ agbègbè wa kan tó wà lókè òkun ló dá ìdíje sílẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdírì kọ àròkọ lédè Yorùbá nípa ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ń yà wọ́n lẹ́nu. Ọmọ tó bá gbégbá orókè, wọ́n máa san owó ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Tíṣà Hezekiah ló máa kó ìwé gbogbo àwọn ọmọ Ìrókò dání lọ sí Ìbàdàn, lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù.

"Tí o ò bá gbà á ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń ta páànù ní Adégbayí. Wọ́n ní kí n wá jókòó ti ṣọ́ọ̀bù àwọn. Màámi ti gbà fún wọn. Wọ́n kàn ní kí n gbìyànjú èyí ná."

"Ṣé o fẹ́ lọ ta páànù?"

Ó ṣí ìwé rẹ̀.

"Jókòó," ni mo wí. "Kà á."

Ó kà á báyìí: "Ní òde òní tí ayé ti di ayé ọ̀làjú, mo fẹ́ lo àǹfààní ńlá yìí láti kí ẹ̀yin adájọ́ mi ọlọ́lá jù lọ, kí n sì sọ ní ṣókí nípa akọni obìnrin kan tí kò ní àfiwé."

Mo yán. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ó dúró. "Màmá, ẹ ti yán."

"Mo yán. Ta lò ń kí láti ìgbà yìí?"

"Àwọn adájọ́ ni mà."

"Ṣé wọ́n fẹjọ́ sùn pé o ò kí àwọn ni? Fàdìlàt, tí mo bá dé oko, tí àgbẹ̀ bá ti ń yin ata rẹ̀ kí n tó tú àpò, mo mọ̀ pé èyí tó wà nísàlẹ̀ ti rà nìyẹn. Tú àpò. Ìyá rẹ dà nínú gbogbo èyí?"

"Ojú ewé kejì ni wọ́n wà."

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Mú wọn wá sẹ́nu ọ̀nà."

Ó fi bírò fa ilà gígùn kan la ojú ewé àkọ́kọ́ kọjá. Ó dùn ún, mo rí i. Ó ṣí èkejì. "Ìyá mi jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun tí kì í káàárẹ̀."

"Gbogbo ọmọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìyá wọn. Tí èmi bá ní mo fẹ́ rà á, kí lo máa fi hàn mí?"

Ó ronú títí. Ó ní, "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn."

"Kí ló ṣe é?"

"Ojú kan náà ni wọ́n máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ń yan gàrí. Apá òsì wọn ló máa ń wà níbi iná. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ti dúdú, ó ti hun jọ. Ti ọ̀tún ṣì ń dán."

Ogún ọdún ni mo ti ń kí obìnrin yẹn láàárọ̀ lálẹ́. Mi ò rí i rí.

"Kọ ìyẹn," ni mo wí.

Bó ṣe di pé ó ń wá lójoojúmọ́ nìyẹn, láti ẹ̀yìn Aláàsárì títí di ìgbà tí wọ́n bá pe ìrun Mọ̀gàríbì. Á kà, màá gbọ́. Ná la máa ń ná an, bí ẹni ná ọjà.

"Gbọ̀n ìyẹn dànù."

"Rárá mà, mo fẹ́ràn rẹ̀."

"Fẹ́ràn rẹ̀ nílé yín. Kò wúlò níbí."

"Ẹ jẹ́ n fi takuntakun kan ṣoṣo sílẹ̀, màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Kí lo máa yọ fún mi?"

"Màá yọ gbogbo ibi tí mo ti kọ gan-an."

"Mélòó ni wọ́n?"

Ó kà wọ́n. Mẹ́fà ni. Mo gbà.

Leah tó ń ránṣọ lódìkejì títì máa ń na ọrùn wò wá. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ìyá Mikail, ṣé ìwé lẹ tún ń rà báyìí ni? Ẹ wá ná tèmi náà, mo ní Bíbélì mẹ́ta nílé."

Mo ní, "Tìẹ ti gbó jù. Mi ò lè rí i tà ní Mọ́níyà."

Fàdìlàt rẹ́rìn-ín títí bírò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà ń gbọ́ ẹ̀rín mi, ó ń dà bíi ti ẹlòmíì.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló kà á láti òkè délẹ̀ láì dúró. Ẹ jẹ́ n sọ ibì kan fún yín nínú rẹ̀, torí mo ti mọ̀ ọ́n lórí: "Tí ẹ bá pàdé ìyá mi láti apá ọ̀tún, ẹ máa rò pé ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Ẹ yí sí apá òsì, ẹ máa kúnlẹ̀ kí wọn bí ẹní kí arúgbó. Ojú kan náà ni. Iná ló wà láàárín."

Mi ò yán.

Ohùn àgbẹ̀ máa ń yí padà tó bá ti dé iye tó kẹ́yìn. Ó máa ń wálẹ̀, kò ní ariwo mọ́. Ohùn ìwé yẹn ti wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti tó. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ kan kún un, ẹ bà á jẹ́ nìyẹn. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan, ẹ bà á jẹ́ nìyẹn.

"Màmá, báwo ni?"

Ó ń wò mí. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí mo bá ní ó dáa. Á dúpẹ́, á lọ sílé, á dà á kọ sínú ìwé mímọ́, ó parí. Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìwé máa lọ, ọmọ náà ò sì ní ohun tó ń wá lọ́dọ̀ mi mọ́. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí ilẹ̀kùn yàrá márùn-ún yẹn.

Ẹni tó bá ń ṣe òwò mi mọ ohun tí à ń ṣe sí ọjà tó wù wá gan-an. A máa ń bú u ni. Ata tó bá wù mí jù lóko, èmi ni màá kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tì í pé kí ni gbogbo èyí. Ọgbọ̀n ọdún ni ẹnu mi ti fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í tún bi mí kó tó ṣe é.

"Ó kù díẹ̀," ni mo wí.

"Níbo mà?"

"Mi ò tíì mọ ibẹ̀. Nǹkan kan ṣì ń dún nínú rẹ̀. Wá lọ́la."

Ó wá lọ́jọ́ kejì. Mo ní kó yọ ọ̀rọ̀ iná kúrò ní ìparí. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e mo ní kó dá a padà. Mo ní arúgbó ti le jù, kó kọ àgbàlagbà. Ó kọ ọ́. Mo ní àgbàlagbà ti rọ̀ jù. Ó ń ya ewé ìwé, ó ń bẹ̀rẹ̀ òmíì. Mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé ojú kan náà la wà.

Láàárín ìgbà yẹn ó ti ń pè mí ní màmá mi. Ó máa ń bá mi bẹ pákí tó bá ń sọ̀rọ̀. Ó sọ fún mi pé ajá ń ba òun lẹ́rù. Ó sọ fún mi pé ó wu òun kí òun máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Yorùbá, kí wọ́n má baà fi àdúrà àti ìkíni kún ojú ewé kan gbáko bí òun ṣe ṣe. Inú mi dùn gan-an. Mo lọ ra mílíìkì alágolo fún tíì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó gbójú sókè láàárín ìwé. Ó ní, "Màmá mi, ṣé kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n kọ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Àyè wà láti túúbá níbẹ̀. Mo ní, "Má sọ bẹ́ẹ̀. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀."

Fóònù Fàdìlàt ti bàjẹ́ láti ìgbà tó wọ omi. Nọ́ńbà mi ló fún tíṣà. Ọjọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tí ìwé máa lọ, fóònù mi dún láàárọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ bí Mikail ṣe kọ́ mi, ohùn Tíṣà Hezekiah jáde nínú Wásáàpù.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Ìyá Mikail. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Fàdìlàt pé wọ́n ti fa ọjọ́ súnmọ́. Kì í ṣe Jímọ̀ mọ́, Wẹ́sìdeè yìí ni mò ń lọ. Kó mú ìwé rẹ̀ wá bá mi nílé kó tó di aago méje àárọ̀. Wọn ò ní gba èyí tó bá pẹ́. Ẹ ṣé mà."

Mo gbọ́ ọ. Mo tún un gbọ́. Mo ní màá sọ fún un nírọ̀lẹ́.

Nírọ̀lẹ́ yẹn, ó mú ẹ̀pà tútù wá. A jọ ń jẹ ẹ́, ó ń kàwé, èmi ń dá a dúró. Mo ní lọ́kàn mi pé Túsìdeè ṣì ń bọ̀.

Ní Túsìdeè, mo ti la ẹnu. Ó ṣáájú mi. Ó ní, "Màmá mi, ẹ máa sinmi o. Lẹ́yìn Jímọ̀, mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́."

Mo gbé iṣẹ́ tíṣà mì.

Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo ní kó fi ìwé náà sílẹ̀, èyí tó dà kọ dáadáa. Mo ní mo fẹ́ fúnra mi kà á díẹ̀díẹ̀. Lọ́kàn mi, mo ti pinnu pé èmi ni màá mú un lọ fún tíṣà láàárọ̀. Ìwé á lọ, ọmọ ò ní mọ̀, á ṣì máa wá títí di Tọ́sìdeè. Ọjọ́ méjì péré ni mò ń wá. Ẹ wo bí mo ṣe ná an.

Mo kírun Sùbúhì, mo jáde. Ìwé wà nínú báàgì mi. Ilé tíṣà wà ní òpin ìlú, kò tó ogún ìṣẹ́jú ní ẹsẹ̀. Mo bá obìnrin kan lójú ọ̀nà tó kó ata sílẹ̀. Mo dúró. Mi ò nílò ata. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Fóònù dún nínú báàgì. Mo wò ó, tíṣà ni. Mo jẹ́ kó dún tán. Mo sọ fún ara mi pé mo ti ń lọ, kí ni mo tún fẹ́ gbé e ṣe. Mo padà sórí ata. Obìnrin náà bínú, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ rà á àbí ẹ kàn fẹ́ fi mí ṣeré ni?"

Nígbà tí mo dé ilé tíṣà, ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀. Ó ní bàálé òun ti lọ, wọ́n dúró títí wọn ò rí Fàdìlàt.

Mi ò lè sọ fún yín pé èèṣì ló ṣe mí. Ẹsẹ̀ mi mọ ohun tó ń ṣe.

Ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè, ó dé, ó kúnlẹ̀. "Màmá mi, ẹ ti kà á?"

Mo fún un ní ìwé rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu yìí sọ. Ó ní, "Ó kù díẹ̀."

Ọjọ́ Tọ́sìdeè la jókòó síwájú ilé, ó ń kà á, nígbà tí ọ̀kadà kan dúró. Tíṣà Hezekiah ló sọ̀ kalẹ̀. Ìbàdàn ló ti ń bọ̀, ó sùn síbẹ̀ mọ́jú.

"Fàdìlàt, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Ẹ káàbọ̀ sà. Kí ló dé sà?"

"Mo dúró dè ọ́ láàárọ̀ àná. Àwọn mẹ́fà yòókù mú tiwọn wá."

"Àná kẹ̀? Ṣebí ọ̀la ni Jímọ̀ sà."

"Wọ́n ti fà á súnmọ́. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe di àwọn ìwé yẹn sínú àpò, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa. Láti Mọ́ńdè ni mo ti ránṣẹ́ sí Ìyá Mikail."

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi.

Ẹnu mi ti ń sọ̀rọ̀ kí n tó ronú. "Tíṣà, mi ò rí iṣẹ́ kankan o. Ẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀wé."

"Mi ò kọ ọ́ mà. Mo mọ̀ pé ìwé kíkà máa ń ni yín lára, mo fi ohùn ránṣẹ́ ni."

"Ohùn ò dé. Fóònù yìí ń ṣe wèrè láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Tíṣà ò pariwo. Ó yọ fóònù tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, ó fi ìka kan àmì kékeré kan. "Ẹ wo ibí yìí mà. Tí ẹni tí mo ránṣẹ́ sí ò bá tíì gbọ́ ọ, kì í ní àwọ̀ yìí. Tó bá ti gbọ́ ọ, á di búlúù."

Mo wò ó. Ó ti di búlúù.

Ó tún tẹ nǹkan kan. "Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin."

Mo ti rò pé ohùn tí mo gbọ́ nínú yàrá mi, èmi àti Ọlọ́run nìkan la jọ gbọ́ ọ. Ta ni ì bá sọ fún mi pé fóònù ń padà lọ rojọ́?

Fàdìlàt mú bírò rẹ̀, ó fi ìdérí dé e. "Màmá, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Kí ló kù nínú ìwé náà?"

Ó ń wò mí ṣáá.

"Kò ku nǹkan kan. Ó ti pé láti ọjọ́ kẹsàn-án."

Ó ń ṣí ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kà. "Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Mò ń ya ìwé. Mò ń sunkún nílé. Mo ti sọ fún màámi pé orí mi ò gbé ìwé, kí wọ́n jẹ́ n máa lọ ta páànù." Ohùn rẹ̀ ò ga. "Kí ni mo ṣe yín, màmá?"

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ kúrú. Ó wà ní ẹnu mi. Ohun tó jáde ni pé, "Ṣebí mo fẹ́ kó dáa sí i ni."

Tíṣà ti ń pe àwọn onídìíje. A jọ ń gbọ́ ohùn obìnrin tó gbé e. "Ẹ má bínú sà. A ò lè tú u fún ẹnì kan." Tíṣà bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà gba fóònù, mo ní ẹ̀bi mi ni, kí wọ́n má fìyà rẹ̀ jẹ ọmọ náà. Ó tún ohun tó sọ sọ, ó sì gé e.

Fàdìlàt dìde. Ó pa ìwé rẹ̀ dé. Kó tó lọ, ó kúnlẹ̀ fún mi. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ dáadáa. Ó ní, "Ó dàárọ̀ mà."

Mà ló pè mí.

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá mú un. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni mo tó lè rìn dé ìdí ẹ̀rọ. Ìyá Fàdì wà nídìí agbada, ó ń fi àjákù igbá ro gàrí. Mo jù ú lọ ní ọdún mẹ́wàá, àmọ́ "ẹ" ni mo fi bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyá Fàdì, mo wá bẹ̀ yín."

"Ẹ dìde, ẹ̀ṣẹ́ná ń ta síbẹ̀ yẹn."

Mo dìde. Ó ń ro gàrí rẹ̀ lọ.

"Fàdì ti sọ fún mi," ló wí. "Mo rò ó, mo rò ó. Mo ní, èrè wo ni Ìyá Mikail rí níbẹ̀? Wọn ò ní ọmọ tó ń bá a du nǹkan. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Mi ò rí èrè kankan." Ó yí gàrí padà. "Ìgbà tó yá ni mo wá rántí bí ilé yín ṣe ń dákẹ́. Ṣé ọmọ lẹ fẹ́ ni?"

Mo fi orí dáhùn.

"Ẹ ì bá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mẹ́rin ló ń sùn sórí ẹní kan nílé mi. Ǹ bá ní kó kó ẹrù rẹ̀ wá bá yín. Kò ní ná yín ní nǹkan kan."

Kò bú mi. Kò sì sọ pé òun ti dárí jì mí. Gàrí ti ń gbẹ, ó ní kí n kọjá sẹ́yìn, kí òun lè bù ú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ilé bá dá páropáro fún yín, ẹ má fi ọgbọ́n mú èèyàn mọ́lẹ̀. Ẹnu mi yìí, kò sí àgbẹ̀ tí kò lè bá sọ̀rọ̀ láti ibí dé Mọ́níyà. Kò lè sọ fún ọmọ ọdún méjìdínlógún pé, "Tí ìwé yìí bá tiẹ̀ tán, jọ̀ọ́, máa wá kí mi." Ì bá wá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ì bá wá.

Oṣù tó kọjá mo lọ sí Adégbayí. Mo béèrè ṣọ́ọ̀bù náà títí mo fi rí i. Páànù tò sẹ́nu ọ̀nà, oòrùn ń tàn lára wọn, mi ò kọ́kọ́ rí inú. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ó ti rù díẹ̀, ó wé gèlè bí àgbàlagbà.

"Ẹ káàbọ̀ mà," ló wí. Ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó tún dìde. "Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ará ilé ńkọ́?"

Ó mọ̀ pé kò sí ará ilé kankan.

"Fàdìlàt, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ fún ọ lọ́jọ́ yẹn..."

"Ó ti kọjá mà."

"Jẹ́ n sọ ọ́. Èmi nìkan ni mo wà nínú ilé yẹn. Mi ò fẹ́ kí o lọ ni."

Ó gbọ́ ọ. Mo rò pé ó máa sọ nǹkan. Ọkùnrin kan ti dúró lẹ́yìn mi, ó ń na ọrùn, ó ń béèrè èyí tó nípọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni Fàdìlàt wí, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, "ẹ bá mi yà fún wọn, kí wọ́n lè ráyè wọlé."

Mo yà.